Wòlíì Tó Bá Ní Omi Ń Bọ̀, Kó Ṣí Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọdọọdún là ń gbọ́ ọ. Ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ àti wòlíì a gba máìkì, wọn a ní Ọlọ́run fi han àwọn pé omi yóò pọ̀ lọ́dún yìí, kí á gbàdúrà gidigidi. Nígbà tí òjò bá wá dé, tí odò kún, tí ilé wó, tí wọ́n ń fa òkú ọmọdé yọ lábẹ́ afárá, wọn a ní, "A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Àwọn mìíràn a tún fi kún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ló fà á. Èrò tiwa ni pé ìjọ tó bá mọ̀ pé omi ń bọ̀, tí kò wá ibi tí àwọn tí omi bá lé nílé yóò sùn sí, kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an.

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kọkànlá, wòlíì kan wà tó ń jẹ́ Ágábù. Láti Jerúsálẹ́mù ló ti wá sí Áńtíókù, ó dìde láàárín ìjọ, ó ní ìyàn ńlá ń bọ̀. Ìyàn náà sì mú lóòótọ́, nígbà ayé Kíláúdíù ọba Róòmù. Ẹ wo ohun tí ìjọ Áńtíókù ṣe. A kò kà á níbẹ̀ pé wọ́n jókòó wádìí ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ará Jùdíà dá. A kò kà á pé wọ́n fi àsọtẹ́lẹ̀ náà polówó wòlíì wọn. Wọ́n dáwó, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tó, wọ́n sì kó owó náà lé Bánábà àti Sọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kí wọ́n gbé e fún àwọn àgbà ìjọ ní Jùdíà. Gbogbo ìjọ ló mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó ń gbé e lọ fún. Ohun tí ẹnu sọ di owó lápò àti ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ágábù ilẹ̀ wa pọ̀ lónìí, kì í sì í ṣe lórí pẹpẹ nìkan. Lọ́dọọdún, àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ àti àjọ NIHSA tó ń ṣọ́ àwọn odò wa máa ń gbé ìwé jáde nípa bí òjò yóò ṣe rọ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yà wọ̀. Wọ́n ń kà á nínú ìròyìn, ó ń wọ inú ìwé ìròyìn. Mélòó nínú àwọn ìjọ wa ló ti ka orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn níbẹ̀, tí wọ́n sì torí ẹ̀ gbé igbá ọrẹ kan síwájú ìjọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?

Ìbàdàn kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro. Àwọn tó kú lé ní 200, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò sì nílé mọ́. Omíyalé ni àwọn àgbà ń pè é títí di òní. Ògùnpa kan náà ti kún ní 1978, ó ti wó ilé, ó ti pa èèyàn, ohun tó fà á kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: pàǹtírí tí à ń dà sínú rẹ̀ àti ilé tí à ń kọ́ sí etí rẹ̀ ti há a mọ́. Ọdún 31 lẹ́yìn Omíyalé, ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo mú kí omi gorí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, ó gé afárá, ó gbé ọ̀sìn ẹja Yunifásítì Ìbàdàn lọ, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 100. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là kí wọ́n lè tún ojú omi ìlú náà ṣe. Gọ́tà, afárá àti ìsédò ni wọ́n yá owó sí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni omi ń bá wí, kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí kò rí owó ilé orí òkè san, tó lọ gba yàrá kan létí odò, ló máa ń kọ́kọ́ bá? Ọmọ ọdún méjì tí omi gbé lórí ẹní, kí ló ṣe? Ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 1755, ilẹ̀ mì ní Lisbon, olú-ìlú Pọtogí. Àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, orí àwọn olùjọ́sìn sì ni òrùlé wó lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi àjálù wọn ẹ̀ṣẹ̀, kó kọ́kọ́ wọn ìyẹn.

Jésù fúnra rẹ̀ ti dá wa lóhùn. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa èèyàn 18, Olúwa sì bi àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá wọ́n rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni àwọn 18 yìí ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ. Ó ní rárá. A mọ̀ pé àwọn pásítọ̀ kan yóò sọ pé a gé ẹsẹ Bíbélì náà kúrú, pé Jésù tún sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè, tí ẹsẹ̀ wọn dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ló ń bá wí. Kò dójú òkú ẹnikẹ́ni tì, kò sì ní kí ẹbí wọn wá jẹ́wọ́. Àwọn tó ń fa ìkún omi Nóà yọ náà, kí wọ́n ka ìtàn ọ̀hún dé ìsàlẹ̀: Ọlọ́run dá májẹ̀mú níbẹ̀ pé òun kò ní fi ìkún omi pa ayé rẹ́ mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù tilẹ̀ sàn ju àwọn oníwàásù wa kan lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n bá a jókòó nílẹ̀ ní ọjọ́ méje, tọ̀sán tòru, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ohun tí Ọlọ́run ń ṣe ni wọ́n ṣì í, Ọlọ́run sì bínú sí wọn. A kò mọ ìdí tí omi fi mú ọmọ Lágbájá tó fi ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láàárín àwọn tó ń wàásù rẹ̀.

Ẹni tó bá ti wọ ilé tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà nínú rẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ẹrẹ̀ dúdú ga dé kókósẹ̀, òórùn ṣalángá tó kún gba gbogbo yàrá. Fóòmù ti mu omi, èèyàn mẹ́rin ni yóò gbé e jáde. Wọ́n á sá ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ sórí páànù, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má gbé e, Bíbélì tó ti wú á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá kan á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti kún fún yanrìn, kò sì tíì san owó tó fi rà á tán. Kànga àdúgbò ti gba omi ṣalángá. Bí wọn kò bá tètè rí omi tó mọ́ mu, onígbáméjì ló kàn. Jákọ́bù bi wá pé èrè kí ló wà níbẹ̀ bí ẹnì kan bá rí ẹni tó wà ní ìhòòhò, tó ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ gbóná, kó yó, tí kò sì fún un ní nǹkan kan.

Àwọn ìjọ wa ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, kò sí ilé tó tóbi tó gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Kànga ẹ̀rọ wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìkórè wà, àwọn ìyá ìjọ tó mọ oúnjẹ igba èèyàn sè láìdààmú wà. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn tí omi lé sí, tí àwọn ọmọ á sì pa ìwé tì. Ohun tí ìyá aránṣọ yẹn nílò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì kì í ṣe ìrẹsì mọ́, owó tí yóò fi tún ẹ̀rọ ṣe ni. Ìjọ tó ń dáwó kọ́lé lè dá ìyẹn.

Kí wọ́n má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ìjọ tó ń lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 tí ìsédò Alau ya, tí omi gba Màídúgùrì, àti mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló lé jáde nílé. Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, inú agboolé kan náà là ń gbé, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ Múfútáù àti Máíkẹ́lì. Ará Samáríà kò béèrè ẹ̀sìn ẹni tó bá lójú ọ̀nà kó tó wẹ ọgbẹ́ rẹ̀. Bákan náà, kí wọ́n yé to àwọn tí ebi ń pa síwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó fún wọn ní ìṣù búrẹ́dì kan. Ojú máa ń ti èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tó le jù wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwọn ilé ìjọsìn kan wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí náà wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ojú omi gan-an ni wọ́n kọ́ wọn sí. Ògiri ọgbà wọn ló ń dá omi padà sínú yàrá àwọn aládùúgbò. Ìjọ tó bá wà nírú ibẹ̀, kó wó ògiri náà fúnra rẹ̀ kí ìjọba tó wá fi katapílà wó o. Àánú ni ìyẹn náà.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ló yẹ kó ṣe gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba ló yẹ kó kọ́ gọ́tà àti ìsédò. Ní 2022, àkúnya omi pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé. Láti àwọn ọdún 1980 ni a ti ń gbọ́ nípa ìsédò Dasin Hausa tó yẹ kí a kọ́ ní Adámáwá láti gba omi tí Kámẹrúùnù bá tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo tiwọn, ọdún 2022 yẹn sì bá wa láìní in. Àwọn gómìnà àti mínísítà máa ń wá sí ìsìn ìdúpẹ́, wọ́n ń jókòó níwájú. Àwọn pásítọ̀ tó ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí lè bi wọ́n léèrè ibi tí iṣẹ́ dé, ní gbangba, kí ìjọ gbọ́ èsì.

Oṣù Kẹjọ ni Ògùnpa ya ní 1980, oṣù Kẹjọ náà ni ti 2011. A ń rọ ẹ̀ka CAN, ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ Nàìjíríà, ní Ìbàdàn pé kí oṣù Kẹfà tó wọlé, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè, tí omi kò lè dé, ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tó wà létí Ògùnpa, Kúdẹtì àti odò Ọ̀nà. Kí wọ́n fi ìwé náà ṣọwọ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ìmáàmù àdúgbò, kí wọ́n sì lẹ nọ́ńbà fóònù ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tí yóò gbé ìpè ní aago méjì òru.