Fọ́ọ̀mù jẹ́lé-ó-sinmi kì í sọ ọmọ di abirùn
Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kí ìyá ọmọ l'Ákùrẹ́ ya fọ́ọ̀mù ìbéèrè nípa ìdàgbàsókè ọmọ tí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi fún un dànù, pé ọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀: ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn kò lè dárúkọ àìsàn kankan. Bóyá ó yẹ kí dókítà wo ọmọ náà dáadáa ló ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ní kí á ṣe irú àyẹ̀wò yìí nígbà tí ọmọ bá pé oṣù 9, 18 àti 30.

Lóòótọ́, àwọn ọkùnrin kan máa ń pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù 24 yẹ kó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí “gbé mi” tàbí “omi tán”. Àti ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ la máa ń kà pọ̀ o.

Ibi tí àṣìṣe ti sábà ń wáyé nínú kíka ọjọ́ orí ni ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. Bí wọ́n bá bí i ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú àkókò, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 8 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 2.

Kí olùkọ́ kọ ohun tó rí: “mo pè é láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kò yíjú”, kì í ṣe “olóríkunkun ni”. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá sì dédé pòórá, ẹ má dúró de oṣù kankan. Ilé ìwòsàn ni.