Ọ̀nà Kan Náà Ni Ìyá Arúgbó Ń Gbà Lọ Ra Búrẹ́dì

Àdìó Mánṣẹ́sítà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé láti Erékùṣù Man tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, níbi tí wọ́n ti ń fi alùpùpù sáré ìje lójú títì gan-an, eré tí wọ́n ń pè ní TT. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Heysham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, mo sì bì títí mo fi ń pe orúkọ ìyá ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà nínú ìlú Douglas tí wọ́n ń pè ní Bray Hill. Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, òpó iná, ògiri, géètì. Ọgbà iwájú ilé ìyá arúgbó kan ni mo jókòó sí. Ìyá gba pọ́n-ùn díẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì fún wa ní tíì. Láti ìdí àga mi dé ojú títì kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fa àǹkárá ya tí aṣọ náà kò sì tán. Kí n tó yíjú, ó ti kọjá. Nísàlẹ̀ pátápátá, ikùn alùpùpù náà ha ilẹ̀, iná ta pàrà. Tíì ọwọ́ mi dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀. Wọn kì í gbéra pa pọ̀ o. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ló wà láàárín ẹnì kan àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Aago ni oníkálukú ń bá jà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò kan kọjá tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ọ̀nà ti ṣí. Kò pẹ́, ìyá yẹn so ajá rẹ̀ mọ́ okùn, ó bọ́ sójú títì kan náà, ó ní òun ń lọ ra búrẹ́dì. Orí mi wú. Mo ti wo MotoGP, ìje alùpùpù inú pápá, rí, orí mi kò wú bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Egungun:
Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ẹ kú àbọ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí ló máa ń wú, ẹsẹ̀ ni. Láti 1911 tí wọ́n ti ń sáré lórí ọ̀nà tó gun orí òkè níbẹ̀, àwọn tó ti kú síbẹ̀ lé ní 260. Ẹ tún ń pè é ní eré.

Páwà Báìkì Lẹ́kí:
Àǹtí, ta ló fi ìbọn tì wọ́n lọ? Àgbàlagbà ni wọ́n. Ohun tó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Egungun:
Ìyá ọmọ ló ń run nínú.

Ẹlẹ́nu Ìtàn:
Kí ìjà tó gbóná, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1903 ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré ju 20 máìlì ní wákàtí kan, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ti ọ̀nà nítorí ìje. Ṣùgbọ́n Erékùṣù Man ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀, Tynwald. Ní 1904, Tynwald ṣòfin pé ẹ máa bọ̀, a ó ti ọ̀nà fún yín. Ti mọ́tò ló kọ́kọ́ dé. Alùpùpù bẹ̀rẹ̀ ní 1907, wọ́n sì gbé e gun orí òkè Snaefell ní 1911. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 60.7, kọ́nà tó wà níbẹ̀ lé ní 200. Ní 2023, Peter Hickman, ọ̀kan lára àwọn tó ń díje, yí i ká ní ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 219 ní wákàtí kan, tí a bá da kọ́nà àti ibi tó tẹ́jú pọ̀. Fún ẹni tí kò lóye rẹ̀, ọ̀nà náà jìn díẹ̀ ju láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ lọ.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní ìṣẹ́jú 16! Lórí ọ̀nà tiwa yìí? Táyà á ti yọwọ́ ní Mọ́níyà, á ní òun ń padà sílé.

Bàbá Ìdí-Ọ̀pẹ:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ìbéèrè kan ni mo ní. Gbogbo irin tó ń sáré yìí, gbogbo ẹ̀jẹ̀ yìí, ṣé wọn kì í bọ nǹkan kan níbẹ̀ ni?

Àdìó Mánṣẹ́sítà:
Bàbá, ẹ káàsán sà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Afárá kékeré kan wà lọ́nà Castletown, afárá iwin ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ kí àwọn iwin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Òyìnbó tó fi takisí gbé mi dẹwọ́ eré, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì wojú mi pé kí èmi náà kí wọn. Mo kí wọn. Àwọn tó ń díje gan-an máa ń lọ síbẹ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìdí-Ọ̀pẹ:
Bí ó bá ṣe àwa ni, wọ́n á ní kèfèrí ni wá.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Egungun:
Iwin kò gbọ́ ìkíni ní 2022 nìyẹn. Ẹni mẹ́fà ni ìje ọdún yẹn pa. Bàbá àti ọmọ wà nínú wọn, inú alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ wà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti àwọn ará Faransé méjì tí wọ́n jọ gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀. Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n kéde pé awakọ̀ ti kú, pé ẹnì kejì rẹ̀ wà nílé ìwòsàn ní Liverpool, ó ń jà pẹ̀lú ikú. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó wá sọ pé àwọn ṣi orúkọ pè: ẹni tí wọ́n ní ó kú ló wà láàyè, ẹni tí wọ́n ní ó wà láàyè ló ti kú. Ẹ fi ara yín sípò àwọn ìdílé méjèèjì. Ọ̀kan ń sunkún ẹni tó ń mí, èkejì ń gbàdúrà fún òkú. Ẹni tó wà láàyè náà kú ní oṣù kẹwàá.

Mo ti dúró ti ìyá tí wọ́n fún ní ìròyìn òdì fún wákàtí kan péré. Ẹ má bi mí bó ṣe rí.

Ọlọ́rọ̀ Kúkúrú:
Ẹ̀yin ń sọ ti Man. Ní 2015, mo gun ọ̀kadà kan láti Ìyànà Ìpájà: èmi, ìyàwó, ọmọ méjì, adìẹ kan. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ife ẹ̀yẹ.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Ṣé ọlọ́kadà náà dé akoto? Ẹ rántí oṣù kìíní 2009 tí wọ́n ní dandan ni akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń de igbá, tí àwọn mìíràn de ike ọ̀dà sórí. Mo rí igbá náà ní fọ́tò, wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n.

Páwà Báìkì Lẹ́kí:
Àǹtí, mo gbọ́ ti 2022, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Joey Dunlop gba ìje TT nígbà 26, òun náà ló ń fi ọkọ̀ kó oúnjẹ àti aṣọ lọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Ròmáníà, kì í ṣe ọmọ ìta. Ìje ló pa á ní Tallinn ní 2000. Àbúrò rẹ̀ Robert kú ní 2008 níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì fún ìje North West 200 ní Àríwá Ireland. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Michael ọmọ Robert gun alùpùpù ní ibi kan náà, ó sì borí. Wọn kò tíì sin bàbá rẹ̀! Ní 2018, ìje tún mú William, ẹ̀gbọ́n Michael, lọ. Michael kò kúrò nídìí ẹ̀. Ní 2024 ó ré 26 Joey kọjá. Ẹ sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe akọni.

Bàbá Ìdí-Ọ̀pẹ:
Akọni ni. Ṣùgbọ́n ọmọ, bí bàbá mi bá kú lójú ogun, tí mo sì padà sójú ogun lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ogun wo ni mo ń jà? Ìlú wo ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀? Mi ò bú u o. Mo kàn ń bèèrè ni.

Ẹlẹ́nu Ìtàn:
Akọni tó kọ̀ ọ́ náà wà, ẹ má gbàgbé. Giacomo Agostini, ará Ítálì, gba ìje níbẹ̀ nígbà 10. Ní 1972, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gilberto Parlotti kú lórí òkè náà láàárọ̀. Agostini gun tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó borí, ó sì ní òun ò díje níbẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. 1976 ni ìgbẹ̀yìn tí TT fi wà lára ìdíje àgbáyé.

Páwà Báìkì Lẹ́kí:
Ó borí kó tó kọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí ìyẹn.
Ní tèmi, àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àwa náà máa ń jáde, Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, agogo mẹ́fà, kí ọ̀nà tó kún. Ọkàn mi kì í balẹ̀ níbòmíràn bó ṣe ń balẹ̀ níbẹ̀. Gbèsè, ọ̀gá ibi iṣẹ́, iná tí wọ́n mú lọ, kò sí èyí tí mo ń rántí. Ọ̀rọ̀ TT yìí yé mi.

Àdìó Mánṣẹ́sítà:
Rárá o, àbúrò, má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Níbẹ̀, wọ́n ti ọ̀nà. Àwọn olùṣọ́ ọ̀nà tó lé ní 500 dúró káàkiri, wọn kì í gbowó, hẹlikọ́pítà sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ́tò gbé e yí ọ̀nà náà ká. Nígbà tó bá sì wá gun alùpùpù, wọ́n á wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn fún un, ẹni tó mọ ọ̀nà á ṣáájú rẹ̀ nínú eré tí wọ́n díwọ̀n. Ìwọ, ta ló ti Lẹ́kí fún ẹ? Ẹni tó kú ní Man, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀.

Ẹlẹ́nu Ìtàn:
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo wọn. Ní 2007, alùpùpù kan já kúrò lọ́nà, ó pa ẹni tó gùn ún, ó sì pa òǹwòran méjì. Tíì lásán ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yin náà lórí àga yẹn.

Àdìó Mánṣẹ́sítà:
…Ẹ gba gàárì. Òótọ́ ni.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá:
Mi ò fẹ́ sọ èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé páwà báìkì kan wá fún mi tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ni ín ní "ó kọlu nǹkan." Mo tú rẹdíétọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ yọ hóró ọsàn nínú rẹ̀. Hóró ọsàn! Ó ti gbẹ mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú èèpo. Mo bi í pé ta ló ń ta ọsàn. Ó ní obìnrin kan ló ń ré títì kọjá ní agogo méje àárọ̀ Àìkú, ó ní obìnrin náà kò kú, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó wá bi mí pé mélòó ni iṣẹ́ mi. Mo ní kó gbé alùpùpù rẹ̀ lọ. Mo nílò owó náà o, oṣù náà le.

Ọlọ́rọ̀ Kúkúrú:
Ibi yìí wá dákẹ́ báyìí.

Bàbá Ìdí-Ọ̀pẹ:
Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Olọ́sàn tó ń kọjá lọ kọ́ ló dá oko ọ̀hún.

Páwà Báìkì Lẹ́kí:
Kì í ṣe èmi o, mẹkáníìkì, mo fi Ògún búra. N kò kọlu ẹnì kankan rí.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Egungun:
Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ṣé o máa jáde?

Páwà Báìkì Lẹ́kí:
Mo máa jáde, àǹtí. N kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ tí mo bá ti ń sún mọ́ ibi tí ọjà wà.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Egungun:
Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ sínú akoto rẹ, kí a má baà máa wá a.

Páwà Báìkì Lẹ́kí:
O pọ́sítífù ni, àǹtí. Ìyàwó mi ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.