Pé ẹ pọ̀ nídìí tábìlì kò sọ Rhino di ẹran ìjẹ

Láti Bódìjà títí dé Challenge, níbikíbi tí wọ́n bá ti tẹ́ káàdì Marvel Champions sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ ká pé mẹ́rin ká tó bẹ̀rẹ̀, ká lè tètè pa ọ̀tá." Ẹni tó sọ ọ́ á tún rántí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gbogbo ilé á sì gbà. Òwe kò parọ́. Àmọ́ àwọn tó ṣe géèmù yìí ti ro ti àgbájọ ọwọ́ yín mọ́ ọn kí wọ́n tó tẹ káàdì jáde.

Fún ẹni tí kò tíì fojú kàn án, Fantasy Flight Games ló gbé e jáde lọ́dún 2019. Kò dà bíi Whot tí ẹ ó máa fi "pick two" bínú síra yín. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo yín, ẹnì kan títí dé mẹ́rin. Kálukú mú akọni tirẹ̀ àti dẹ́ẹ̀kì tirẹ̀, káàdì 40 sí 50, dẹ́ẹ̀kì ọ̀tá sì ń darí ara rẹ̀. Ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan hàn kí ẹ tó sanwó, ẹ kò ta tẹ́tẹ́.

Ẹ wo Rhino, ọ̀tá àkọ́kọ́ tí gbogbo wa ń bá pàdé. Ẹ̀mí 14 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àmì èèyàn kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Àmì yìí ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀mí 14 náà wà fún olúkúlùkù ẹni tó jókòó. Ẹnì kan, 14. Ẹni mẹ́rin, 56. Bó bá kú, ìpele rẹ̀ kejì tún dé pẹ̀lú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin mẹ́rin jẹ́ 116, nígbà tí ẹni tó dá jókòó ń wá 29 péré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ète rẹ̀, ìyẹn káàdì ohun tó fẹ́ ṣe: bí ewu, àmì tí à ń tò sórí ète náà, bá pé 7 fún ẹnì kan, ọ̀tá ti borí. Fún mẹ́rin, ó di 28. Ewu kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń gorí rẹ̀ ní gbogbo ráúndì, yálà ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan tàbí kò ṣe.

Ẹ lè ní ọ̀mì nìyẹn, torí àwa náà ti di mẹ́rin. Ó jọ ọ̀mì lóòótọ́. Ìgbà tó bá kan ọ̀tá láti ṣe tirẹ̀ ni ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gba ráúndì kan wò, lórí tábìlì kan nílé ẹ̀gbọ́n wa kan ní Mòkọ́lá. Ẹ̀gbọ́n mú Captain Marvel, èmi mú Spider-Man, àwọn àbúrò méjì mú She-Hulk àti Iron Man. Iron Man nìkan ló ṣì wà ní Tony Stark, ojú káàdì rẹ̀ tí kì í ṣe ti akọni. (Ó gbọ́n. Iron Man tí kò tíì ní irin kankan lára, káàdì kan ṣoṣo ló ń kún ọwọ́ rẹ̀. Tony ń gba mẹ́fà.) Ewu mẹ́rin kọ́kọ́ wọlé. Rhino kọ lu Ẹ̀gbọ́n, a ṣí káàdì boost kan fún un, èyí tó ń fi agbára kún ohun tó ń ṣe. Ó kọ lù mí, a ṣí òmíràn. Ó kọ lu She-Hulk, ẹ̀kẹta. Ó dé ọ̀dọ̀ Tony, kò lù ú nítorí kò sí nínú aṣọ akọni, àmọ́ ó fi ewu kún ète rẹ̀, boost kẹrin. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kálukú wá gba káàdì wàhálà tirẹ̀. Káàdì mẹ́jọ ti kúrò nínú dẹ́ẹ̀kì ọ̀tá. Ẹni tó dá ṣeré, méjì ni ì bá ṣí. Nǹkan bíi 30 káàdì sì ni dẹ́ẹ̀kì náà. Bó bá tán, ẹ ó tún un pò, ewu kan á sì máa ṣàfikún ní gbogbo ráúndì títí eré á fi parí. Ẹ̀yin mẹ́rin lè dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi ráúndì mẹ́rin. Ẹni tó dá wà kì í sábà dé ibẹ̀ rárá.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nínú ráúndì yẹn. Nígbà tí Rhino kọjú sí Captain Marvel, àbúrò tó mú She-Hulk ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbà á." Òfin fàyè gbà á, akọni yòówù lè gba ìkọlù tí wọ́n gbé ko ẹlòmíràn. Ó yí káàdì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ nígbà tí Rhino wá kan òun gan-an, káàdì rẹ̀ ti dùbúlẹ̀, kò lè fi dáàbò bo ara rẹ̀. Nígbà tó sì tún kàn án láti ta, ó ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀, àfi káàdì ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló rí ná. Àwọn tó ń sọ pé "ẹnì kan á máa gba ìjà, àwa yòókù á máa lù" kò ka apá yìí.

Káàdì gan-an ń yí iye padà bí èèyàn ṣe ń pọ̀. Webbed Up ti Spider-Man, ohun èlò (resource) mẹ́rin ni wọ́n ń fi rà á. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Rhino, ìkọlù tó kàn á di òfo, stun, àmì tó ń dá ọ̀tá dúró, á rọ́pò rẹ̀, stun yẹn á sì jẹ ìkọlù tó tún tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó dá wà, ráúndì méjì gbáko ni kò fi ní jẹ ìyà lọ́wọ́ Rhino. Fún ẹ̀yin mẹ́rin, ìdajì ráúndì kan. Jennifer Walters, ìyẹn She-Hulk tí kò sí nínú aṣọ akọni, ń yọ ewu kan kúrò lẹ́ẹ̀kan ní ráúndì kọ̀ọ̀kan: bó bá dá wà, gbogbo èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kó dànù, láàárín mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni. Káàdì Nick Fury, alájọjà yín, ńkọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo ló lè wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè dì í mú lọ́wọ́.

Ìyẹn kò ní kí ọ̀pọ̀ má ní èrè tirẹ̀. Ẹ̀mí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀tá kì í pọ̀ sí i: Hydra Mercenary, mẹ́ta ni, ẹ jẹ́ ẹnì kan, ẹ jẹ́ mẹ́rin. Àmì hazard tó wà lára àwọn káàdì ọ̀tá kan ń fi káàdì wàhálà kan ṣoṣo kún un. Fún ẹnì kan, ìlọ́po méjì ìyà ni. Fún mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan. Káàdì Avengers Mansion ń jẹ́ kí ẹ yan ẹni tó máa fa káàdì, Carol Danvers (Captain Marvel tí kò sí nínú aṣọ akọni) náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, káàdì Helicarrier sì ń dín owó káàdì tí ẹnìkan fẹ́ ta kù. Àwọn wọ̀nyí dùn ju lọ nígbà tí ẹni tí ẹ lè yàn bá pọ̀. Ó tún wà lófin pé nígbà tí ó kan ẹnìkejì, ẹ lè bá a lo káàdì Action tiyín. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, fóònù ni wọ́n máa ń tẹ̀ títí yóò fi kàn wọ́n.

Ní tèmi, ohun tó ń pa tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin jù ni pé gbogbo wọn ń kó Aggression, irú káàdì tó wà fún lílù, torí gbogbo wọn ló fẹ́ lù. Ewu á kún 28 níṣojú wọn. Bí ẹnì kan bá sì kú láàárín eré, 56 ṣì ni 56: iye tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye tó kù. Bí ẹ bá máa pé mẹ́rin, kí ẹnì kan ó kéré tán mú Justice, irú káàdì tó ń yọ ewu kúrò, kó sì jẹ́ ète ọ̀tá ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, kí ẹni méjì ta, kí méjì wò, kí ẹ sì pààrọ̀ ní eré tó kàn.