Bàálù Méjì Tó Ń Kọjá Lókè Kétu Ò Fẹ́ Forí Gbárí

Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a jókòó nítòsí Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, à ń jẹ àkàrà, ni iná bàálù méjì bá pàdé lókè. Ọ̀kan ń lọ sápá ìlà oòrùn, èkejì ń lọ sápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀gbọ́n kan figbe ta: "Yéè! Díẹ̀ ló kù!" Wọ́n ní ojú ni páílọ́ọ̀tì fi ń yà fún ara wọn, bíi zémìjàn, àwọn ọlọ́kadà wa, lójú títì. Àwọn tó kù ń mirí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo gbọ́ ọ níbi ìkómọ, mo gbọ́ ọ nínú takisí Pobè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bàálù ńlá ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Bí méjì bá kọjú síra, ìdajì kìlómítà ni wọ́n fi ń súnmọ́ra ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí páílọ́ọ̀tì bá tajú kán rí ẹnìkejì rẹ̀ ní kìlómítà 10, ogún ìṣẹ́jú àáyá péré ló kù. Ojú wo ló fẹ́ fi yà?

Gíga ni wọ́n pín fún wọn. Ẹni tó ń lọ sápá ìlà oòrùn ń gba ẹsẹ̀ bàtà 33,000, 35,000 tàbí 37,000. Ẹni tó ń lọ sápá ìwọ̀ oòrùn ń gba 34,000, 36,000 tàbí 38,000. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ló là wọ́n láàárín, ìyẹn bíi mítà 300. Tẹ́lẹ̀ rí, láti 29,000 lọ sókè, 2,000 ni, torí pé atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, aago tó ń wọn gíga sì máa ń ṣì í. Nígbà tí aago wá dára sí i ni wọ́n dín in kù. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 2008 ló kan Áfíríkà.

Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo ń ti Kútọnu lọ sí Paris. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo wà. Bàálù kan gba abẹ́ wa kọjá, fìrì! Kí n tó fọwọ́ kan ẹni tó jókòó tì mí, kò sí mọ́. Lójú mi, bí ẹni pé òkúta lè bà á. Bẹ́ẹ̀, bíi mítà 300 ló kéré jù tó wà láàárín wa. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ ní Kétu, tó ń wo iná tó fi kìlómítà 11 jìnnà sí i, ló wá fẹ́ mọ̀ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra?

Ó dáa, wọ́n ti kọlura rí. Lálẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Keje 2002, lókè Überlingen ní Jámánì, ènìyàn 71 kú. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú àwọn bàálù náà ní kí ọ̀kan gòkè, kí èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ló ní kí èyí tó yẹ kó gòkè sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo páílọ́ọ̀tì létí pé ẹ̀rọ ni kí wọ́n tẹ̀lé.

Mo rò ó fún ẹ̀gbọ́n wa látòkè délẹ̀. Wọ́n ní àdúrà àwọn ìyá páílọ́ọ̀tì náà wà níbẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àkàrà yẹn súnmọ́ mi.