Ẹ Má Tún Pa Káńsù Pọ̀ Mọ́ Ní Wales: Abúlé Ni Kí Ẹ Ró Lágbára

Ní January 2014, Ìgbìmọ̀ Williams, tí ìjọba Wales gbé kalẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, dábàá pé kí wọ́n dín káńsù 22 tó wà ní Wales kù sí 10, 11 tàbí 12. Ní 2015, ìjọba Wales fẹ́ kó di 8 tàbí 9. Ní 2018, wọ́n tún ní kó jẹ́ 10. Kò sí ọ̀kan tó fìdí múlẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, inú wa sì dùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè ìdí, kó wo Radnorshire, ọ̀kan lára àwọn ṣáyà, ìyẹn àgbègbè ìjọba àtijọ́, ní àárín Wales.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1888 ló fún ṣáyà náà ní káńsù tirẹ̀. Lẹ́yìn òfin 1894, àwọn káńsù kéékèèké tún wà lábẹ́ rẹ̀: ti ìlú ní Knighton, Llandrindod Wells àti Presteigne, ti ìgbèríko ní Colwyn, Knighton, New Radnor, Painscastle àti Rhayader. Ká ka ti ṣáyà mọ́ ọn, káńsù mẹ́sàn-án nìyẹn fún èèyàn tí kò tó 20,000 ní 1971. Ó pọ̀ jù, a gbà. Owó tó ń wọlé fún irú káńsù bẹ́ẹ̀ kò lè san owó oṣù àwọn amọ̀ṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ní April 1, 1974, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kógbá sílé. Wọ́n pa Radnorshire pọ̀ mọ́ Montgomeryshire àti Brecknockshire, ó di Powys. Ilé ẹ̀kọ́, títì àti ìtọ́jú arúgbó bọ́ sọ́wọ́ Powys, ṣùgbọ́n káńsù àgbègbè kan ṣì wà fún Radnor, òun ló ń bójú tó ilé gbígbé, pàǹtí kíkó àti ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́. Ìpàdánù gidi ṣẹlẹ̀ ní April 1, 1996, nígbà tí káńsù ṣáyà 8 àti káńsù àgbègbè 37, ti Radnor náà nínú wọn, lọ, tí 22 rọ́pò wọn. Wọ́n tú Dyfed, ṣáyà ńlá mìíràn, ká, Ceredigion, Carmarthenshire àti Pembrokeshire sì gba ara wọn padà. Wọn kò tú Powys. Ńṣe ni wọ́n tún fi àwọn ìletò Llanrhaeadr-ym-Mochnant, Llansilin àti Llangedwyn kún un.

Powys gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Wales. Láti Ystradgynlais dé Llanrhaeadr ju 80 máìlì lọ lójú títì. Kánsẹ́lọ̀ 68 ló ń jókòó, Radnor tí èèyàn rẹ̀ kéré jù nínú ṣáyà mẹ́ta náà ló sì ní ìjókòó tó kéré jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Llandrindod ni olú ilé káńsù wà. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ṣáyà kọ̀ọ̀kan láti fi tu àwọn èèyàn nínú. Ìgbìmọ̀ tí kò lè dá iye owó orí ilé lé ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́?

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ àti ìdìbò tí Wales ṣe ní 2021. Káńsù ìletò, ìyẹn káńsù abúlé tàbí ìlú kékeré tó kéré jù lọ lábẹ́ káńsù ńlá bíi Powys, lè gba agbára láti ṣe ohunkóhun tí òfin kò kọ̀, bí ó bá pé ohun mẹ́ta: kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ káńsù jẹ́ ẹni tí wọ́n dìbò yàn, kí akọ̀wé ní ìwé ẹ̀rí tí òfin là sílẹ̀, kí ayẹ̀wéwò má sì rí àléébù nínú ìwé ìnáwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó kẹ́yìn. Ibi tí ìletò kékeré ti ń kọsẹ̀ nìyí. Èèyàn kì í jáde díje, ẹni tí àwọn ọmọ káńsù bá sì fúnra wọn mú wọlé kò sí nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni akọ̀wé fi ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò fi owó tó ń gbà kàwé?

Òfin gbà kí àwọn ìletò tó múlé gbera da káńsù kan pọ̀. Kí àwọn ìletò Radnor ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba akọ̀wé kan tó kọ́ṣẹ́, kí Powys san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí Powys sì máa tẹ iye tó ń ná sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Radnor jáde lọ́dọọdún. Títí ìyẹn yóò fi wáyé, kí ẹnikẹ́ni má dábàá ìpapọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Wales. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ lọ́nà òfin, tó sì ti pé ọdún 16, lè dìbò káńsù. Ìbò tó kàn di May 2027. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi olùdíje tó bá kan ilẹ̀kùn yín léèrè iye agbára tí yóò gbé fún ìletò yín.