Ẹni Tó Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sókè Ilẹ̀kùn Ni Kó Dáhùn

Ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2026 ni EU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, dá fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí òfin ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe, èyí tó ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ kálukú wọn. Inú wa dùn sí òfin náà. Ṣùgbọ́n ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń pariwo rẹ̀ ọjọ́ pẹ́. Òfin náà di ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ mú, kò sì sọ pé ṣọ́ọ̀bù tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí sínú mọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí oníbàárà á gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ. Wọ́n fún wa ní ẹ̀tọ́, wọn ò fi ẹnu ọ̀nà hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣọ́ọ̀bù tó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ kan kọ́ sókè ilẹ̀kùn, tó ń fi orúkọ yẹn tajà, tó ń fi orúkọ yẹn gbowó, òun náà ni kó fi orúkọ yẹn gba ọjà tó bàjẹ́ wọlé. Ì báà jẹ́ ibẹ̀ la ti rà á, ì báà jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíì ì báà ti tú u rí, ì báà má tú u. Kó gbà á, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó kọ iye tí àtúnṣe máa jẹ sórí ìwé kó tó tú ohunkóhun, kó sì sọ ọjọ́ tí á dá a padà. Ohun tí à ń béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan nínú àwa tó ń ṣe ìwé ìròyìn yìí wà nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí. A ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, torí ìwà ọ̀hún kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ó tú aṣọ ìnujú kan sórí tábìlì tí wọ́n to fóònù tuntun sí. Fóònù tó wà nínú aṣọ náà ti wú. Bátìrì ti ti gíláàsì iwájú rẹ̀ sókè débi pé èékánná lè wọ àárín gíláàsì àti irin etí rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá dá ìyá lóhùn kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó kí wọn dáadáa, ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n ti gba àyè sílẹ̀. Ìyá ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń gba àyè kí èèyàn tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà yí fóònù po, ó tẹ̀ síwájú, ó rí i pé skúrúù kan ti họ. “Ẹ má bínú, mà, ẹlòmíì ti ṣí i rí. A ò lè fọwọ́ kàn án mọ́.” Ló bá di aṣọ ìnujú náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ti wú lè gbiná. Àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ewu yìí kan náà ni wọ́n máa ń gbé síwájú aṣòfin nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe bá délẹ̀: wọ́n á ní àtúnṣe ò yẹ ẹni tí kò kọ́ ọ, wọ́n á ní iná lè sọ, wọ́n á ní ààbò oníbàárà ló jẹ àwọn lógún. Ó dáa, a gbà pé ó léwu. Bó bá léwu tó bẹ́ẹ̀, ta ló yẹ kó dì í mú lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ṣé ẹni tó ṣe é, tó ní irinṣẹ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ bátìrì tó wú, ni àbí ìyá tó fi aṣọ ìnujú wé e? Ẹ ò lè sọ fún aṣòfin lówùúrọ̀ pé ohun kan kì í ṣe ohun tí gbogbo ọwọ́ lè dì mú, kí ẹ tún fi ọwọ́ yín gbé e fún arúgbó lọ́sàn-án pé kó máa mú un lọ sílé.

Àwáwí pé “ẹlòmíì ti ṣí i rí” yìí ló ń bí wa nínú jù, torí ó ti yẹ kó ti di ohun ìgbàgbé. Òfin EU sọ ọ́ kedere pé ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọ àtúnṣe kìkì nítorí pé ọwọ́ mìíràn ti tún nǹkan náà ṣe rí. Ọsirélíà kò tilẹ̀ dúró de òfin tuntun. Láàárín oṣù Kejì ọdún 2015 sí oṣù Kejì ọdún 2016, Apple sọ fún ó kéré tán oníbàárà 275 ní orílẹ̀-èdè náà pé wọn ò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe mọ́, torí pé ẹni tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ náà ló ti bá wọn tún fóònù tàbí iPad wọn ṣe. Òmíràn gbọ́ ọ lórí fóònù, òmíràn kà á lórí ìkànnì, àwọn kan sì dúró nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Àjọ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà níbẹ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù 9 dọ́là Ọsirélíà. Òfin oníbàárà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn aláṣẹ ibòmíràn tí wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò tó o, ṣé wọ́n ti na ọwọ́ ọ̀hún wò ni?

Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ òwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, kọ ìròyìn kan sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Wọ́n yẹ gbogbo ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń dí ọ̀nà àtúnṣe wò, wọ́n sì ní ẹ̀rí tó gbe ìdí wọ̀nyẹn lẹ́yìn kò tó nǹkan. Ìwé náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbìyànjú tirẹ̀. California ní kí páàtì, irinṣẹ́ àti ìwé ìtọ́nisọ́nà wà lárọ̀ọ́wọ́tó fún ọdún 7 fún ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ tó 100 dọ́là sókè, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2024. Oregon lọ jìnnà díẹ̀ sí i: ó fòfin de kí ilé iṣẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà so páàtì mọ́ fóònù kan ṣoṣo, débi pé bí èèyàn bá yọ ojú fóònù kan fi sí òmíràn tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń fòní dónìí, wọ́n ń fọ̀la dọ́la. Ọdún mélòó ni ẹni tí wọ́n dìbò yàn nílò láti ka ìwé kan tán?

A ò kórìíra àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí. Nígbà tí Apple ṣí méjì àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001, ọ̀kan ní mọ́ọ̀lù Tysons Corner ní Virginia, èkejì ní Glendale Galleria ní California, ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ kọ́ ni gíláàsì tàbí tábìlì. Ó jẹ́ pé wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pè é ní Genius Bar, wọ́n sì fi ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà síbẹ̀ kí ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ alájàpá lè gbé e padà lọ kó bá ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú páálí tó tà fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ òwò sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà kò ní pẹ́ kógbá sílé. Kò kógbá sílé. Èrò wa ni pé ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó níṣòro yẹn wà lára ohun tó gbé e ró, torí ẹni tó bá mọ̀ pé òun á rí ẹni tún nǹkan òun ṣe kì í bẹ̀rù láti rà á. Májẹ̀mú tí ilé iṣẹ́ wọ̀nyí fẹnu ara wọn bá oníbàárà dá ni à ń pè wọ́n padà sí.

Wọ́n sì lè ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù láìsọ fún ẹni tó ni ín. Ariwo sọ. Ilé iṣẹ́ náà sì já owó pípààrọ̀ bátìrì láti 79 dọ́là sí 29 dọ́là ní gbogbo ọdún 2018. Ibi ìtajà kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, irinṣẹ́ kan náà. Kò sí ohun tó yí padà ju pé gbogbo ayé ń wò wọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ohun tí à ń béèrè kò ṣeé ṣe.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà là ń bá jà. Ohun tí wọ́n kọ fún wọn ni wọ́n ń sọ. Àwọn náà ti jìyà lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń gbéra ga pé òun ń tọ́jú èèyàn: ó di ọdún 2020 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California tó sọ pé àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù Apple fi ń dúró kí wọ́n tú báàgì wọn wò kí wọ́n tó lọ sílé jẹ́ àkókò iṣẹ́, kí wọ́n san owó rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣàkóso ni à ń bá wí. Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà lọ́jà yìí o. Bí wọ́n bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, ẹ máa rí aláṣẹ kan níbi tí wọ́n ti ń gé rìbọ́ọ̀nù, tí yóò máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìdàgbàsókè níwájú kámẹ́rà. Nígbà tí oníbàárà bá wá ń gbé fóònù kiri bí ọmọ tí kò rí ẹni gbà á, a kì í rí aláṣẹ yẹn mọ́. Kí wọ́n má sì sọ fún wa pé ìjọba kò lè dá májẹ̀mú fún ilé iṣẹ́ tó lówó. Íńdíà dá a. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ dá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń lò nílẹ̀ náà. Ọdún 2019 ni wọ́n dẹ òfin ọ̀hún díẹ̀, ó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2023 kí Apple tó ṣí ti Mumbai, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ti Delhi, tí ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ náà, Tim Cook, wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ìjọba tó bá lè sọ ibi tí wọ́n ti máa ra irin lè sọ ibi tí wọ́n ti máa gba fóònù tó bàjẹ́.

Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ náà ńkọ́? Gateway, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣọ́ọ̀bù 188 pa lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2004. Microsoft ṣí àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Scottsdale ní Arizona ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ó sì kéde ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti mú kí ilẹ̀kùn wọn wà ní títì, pé òun kò ní ṣí wọn mọ́ àyàfi mẹ́rin tí òun máa fi ṣe nǹkan mìíràn. Olówó ló lọ́jà rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti kúrò. Ṣùgbọ́n kí ó kọ ibi tí àwọn tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀ máa gbé e lọ sára ilẹ̀kùn, ní lẹ́tà gàdàgbà, ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kí àwọn tó ni mọ́ọ̀lù sì fi èyí sínú ìwé àdéhùn háyà, torí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i.

Ní ti àwọn tó ń dá tún fóònù ṣe, a ti sọ̀rọ̀ lórí wọn tó: ẹ ta páàtì fún wọn ní owó tó bójú mu. Ṣọ́ọ̀bù inú mọ́ọ̀lù kò lè dé ibi gbogbo, àwọn ló dé ibẹ̀.

Kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú EU wá ọ̀nà láti fi gbólóhùn kan kún òfin tiwọn: pé ṣọ́ọ̀bù tó bá ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà fún àtúnṣe. Kí wọ́n sì ka kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọn, torí kò sí lára àwọn ohun tí àjọ náà kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Àwọn ìjọba ibòmíràn kò gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n.

Ẹni wa bá ìyá yẹn jáde síta mọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ìyá ní gbogbo àwòrán ọkọ òun tó ti di olóògbé ló wà nínú fóònù náà. Bí òun bá jù ú nù, wọ́n lọ nìyẹn. Bí òun bá gbé e sílé, ẹ̀rù iná ò ní jẹ́ kí òun sùn. Wọ́n wá bi ẹni wa pé ta ni kí àwọn gbé e lọ bá. Kò rí èsì fún wọn. Àwọn aláṣẹ ni à ń bi báyìí.