Fífi láptọ́ọ̀pù sórí iná látàárọ̀ kọ́ ló ń mú bátìrì bú

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri orí WhatsApp ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: ẹ má fi láptọ́ọ̀pù rọ́pò kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bó bá wà lórí iná látàárọ̀ dalẹ́, bátìrì á gba iná jù, á sì bú gbàmù. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ yé fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa.

Láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ bátìrì. Bó bá ti kún, á dá gbígba iná dúró, á sì máa lo iná ṣájà. Ooru ló ń ba bátìrì jẹ́, àti kó máa wà ní 100% ṣáá. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ní ètò tí ẹ lè fi dá gbígba iná dúró sí 80%. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ projẹ́ẹ̀tì ní àdúgbò Under G níbí, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà lábẹ́ rẹ̀ á dí. Bátìrì tó wú nìkan ni kẹ́ ẹ sá fún: ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ mọ́nítọ̀ ńlá, ó di ti orí tábìlì nìyẹn. Bí NEPA bá mú iná lọ, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró fún ìgbà díẹ̀) á kú lójijì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì fi pamọ́ á bá a lọ. Láptọ́ọ̀pù á ṣì máa ṣiṣẹ́.